Ọmọ Tí Iyọ̀ Kì Í Dúró Lára Rẹ̀: Kí Ni Àrùn Tí Wọ́n Ń Pè Ní CAH?

Báyìí ló ṣe máa ń rí. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan, ó ké, ó mu ọmú, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ní ọjọ́ kẹjọ wọ́n kó o jáde, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n gbé iyọ̀, oyin àti obì kalẹ̀, wọ́n sì ṣàdúrà. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìkómọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ọmú kò wù ú mọ́, ó ń rù, ó kàn ń sùn ṣáá. Ẹnìkan ní ibà ni, ẹlòmíràn ní inú rírun ni, wọ́n fún un lágbo. Kí ọmọ náà tó pé oṣù kan, ó ti lọ. Bí àbúrò rẹ̀ bá tún lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àbíkú á bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé mìíràn, agbẹ̀bí gba ọmọ, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó tún un wò, kò lè dá ìyá lóhùn bóyá akọ ni tàbí abo. Ìtìjú á bo ilé, wọ́n á máa fi ọmọ pamọ́.

Àrùn kan náà ló lè wà nídìí méjèèjì. Àwọn dókítà ń pè é ní congenital adrenal hyperplasia, CAH ní ìkékúrú. Àrùn àjogúnbá ni. Ó ti wà lára ọmọ láti inú oyún, kì í ranni, kò sì sí ohun tí ìyá jẹ tàbí tí kò jẹ tó fà á. Láti ọdún 1950 ni ìtọ́jú rẹ̀ ti wà, nígbà tí Lawson Wilkins àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Johns Hopkins, ní Baltimore, fi oògùn kan tó ń jẹ́ cortisone tọ́jú àwọn ọmọ tó ní in. Ó dùn mí pé ohun tí ojú rí lábẹ́ ọmọ ni gbogbo ayé ń sọ, nígbà tó jẹ́ pé iyọ̀ tí ojú kò rí ló ń pa á.

Kí ni hómónù, kí sì ni steroid?

Hómónù ni iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán sí òmíràn. Ẹ̀yà náà á tú nǹkan bíńtín sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ, ibi tó bá dé á sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Àwọn hómónù kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rá tí à ń pè ní cholesterol ni ara fi ń ṣe wọ́n. Àwọn wọ̀nyẹn ni steroid.

Orúkọ steroid ti bàjẹ́ láàárín wa nítorí ìpara tó ń bó ara, nítorí oògùn amúnisanra, àti nítorí abẹ́rẹ́ àwọn tó ń gbé irin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ìyẹn sọ́tọ̀. Steroid tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ ni a fi ń wà láàyè.

Orí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀yà kékeré kan jókòó sí bíi fìlà. Orúkọ rẹ̀ ni adrenal. Lára àgbàlagbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 4 sí 5 lọ. Èèpo rẹ̀ ń ṣe steroid mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ti àkọ́kọ́ ni cortisol, èyí tó ń di ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mú nígbà tí a kò bá tíì jẹun, tó sì ń gbé agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn ró nígbà àìsàn kó má bàa já wálẹ̀. Èkejì ni aldosterone, tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó dá iyọ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, kó sì da potassium, èròjà kan tó dà bí iyọ̀, sínú ìtọ̀. Ẹ̀kẹta ni androgen, hómónù bíi ti akọ. Tọkùnrin tobìnrin ló ní in, lára obìnrin kò kàn pọ̀ ni.

Níbo ni iṣẹ́ ti bàjẹ́?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Wọ́n bó ẹ̀gẹ́, wọ́n rin ín. Ẹ̀gẹ́ rírin yẹn lè gba ọ̀nà mẹ́ta. Bí wọ́n bá fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde, wọ́n á kù ú, wọ́n á dín in, ó di gàrí funfun. Bí wọ́n bá fún un tán tí wọ́n po epo sí i kí wọ́n tó dín in, ó di gàrí pupa. Bí wọ́n bá dà á sínú omi láìfún un, ó di fùfú.

Cholesterol ni ẹ̀gẹ́ wa. Gàrí funfun ni cortisol, gàrí pupa ni aldosterone, fùfú ni androgen. Ẹni tó ń yí jáàkì ni ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní 21-hydroxylase. Ẹ́ńsáìmù ni òṣìṣẹ́ inú ara tó ń sọ nǹkan kan di òmíràn, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: gàrí méjèèjì kò lè ṣe láìsí ẹni tó ń yí jáàkì, fùfú kò sì nílò rẹ̀ rárá.

Bí ẹni yìí kò bá wá síbi iṣẹ́, gàrí kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ rírin ń ga bí òkìtì. Ìyá olówò wà lókè, ìyẹn ẹ̀yà kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ. Kò rí gàrí. Ó ránṣẹ́ pé, "Gàrí dà? Ẹ rin ẹ̀gẹ́ sí i!" Wọ́n rin sí i. Gbogbo rẹ̀ kò ríbi gbà ju inú omi fùfú lọ. Ó tún ránṣẹ́, wọ́n tún rin. Báyìí ni cortisol àti aldosterone ṣe ń wọ́n, tí androgen ń ṣàn kọjá ààlà, tí adrenal fúnra rẹ̀ sì ń tóbi nítorí iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Títóbi yẹn ni hyperplasia tó wà nínú orúkọ àrùn náà.

Iṣẹ́ tí ìyá olówò ń rán yẹn, ACTH lorúkọ rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ó máa ń mú kí ara dúdú sí i, pàápàá ojú ọmú, èrìgì àti abẹ́. Lára ọmọ tiwa tó ti dúdú tẹ́lẹ̀, ó rọrùn kéèyàn fojú fò ó.

Òkìtì ẹ̀gẹ́ rírin náà ní orúkọ: 17-hydroxyprogesterone, tí wọ́n ń gé kúrú sí 17-OHP. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí òun ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà àyẹ̀wò.

Kí ló dé tí abẹ́ ọmọbìnrin fi yí padà?

Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkejìlá oyún ni abẹ́ ọmọ ń gba ìrísí rẹ̀. Bí androgen bá ti pọ̀ lára ọmọbìnrin lásìkò yẹn, ìdó rẹ̀ lè tóbi títí tí yóò fi jọ nǹkan ọkùnrin, ètè ojú ara lè lẹ̀ pọ̀ kó dà bí àpò ẹpọ̀n. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àpò ẹyin rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, kúrómósómù rẹ̀, ìyẹn okùn bíńtín tó ń gbé àbùdá àjogúnbá, sì jẹ́ XX bíi ti obìnrin. Bó bá rí ìtọ́jú tó péye, ó lè ṣe nǹkan oṣù, ó lè lóyún, ó lè bímọ.

Ní ọdún 1865, ní Naples, Luigi De Crecchio la òkú ẹnìkan tí gbogbo ìlú mọ̀ sí ọkùnrin. Ó bá ilé ọmọ àti àpò ẹyin nínú rẹ̀, pẹ̀lú adrenal méjì tó tóbi kọjá ààlà. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti àárẹ̀ ló pa ẹni náà, ìyẹn àmì àìtó cortisol àti iyọ̀ gan-an.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo agbẹ̀bí àti olóòlà gbọ́. Bí ọmọ bá jọ ọkùnrin ṣùgbọ́n tí ọwọ́ kò ba kóró kankan nínú àpò ẹpọ̀n, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ má dá a lábẹ́. Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin tó ní CAH ni, ohun tí abẹ ń gé kúrò kò sì ní padà. Ẹ má kéde akọ tàbí abo, ẹ sọ fún àwọn òbí pé abẹ́ ọmọ kò tíì parí ìdàgbà rẹ̀, àyẹ̀wò ni yóò sọ èyí tó jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú á fi hàn bóyá ilé ọmọ wà, àyẹ̀wò kúrómósómù á sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ láti tún ìrísí ibẹ̀ ṣe kì í ṣe ohun ìkánjú. Ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n ro ó dáadáa, kí ọmọ fúnra rẹ̀ lè ní ohùn nínú rẹ̀. Ohun ìkánjú ni iyọ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀, nítorí àwọn ènìyàn ń dà á pọ̀. Àríyànjiyàn nípa àwọn obìnrin eléré ìdárayá tí World Athletics, àjọ eré ìdárayá orí pápá lágbàáyé, ṣòfin lé lórí dá lórí àwọn tó ní kúrómósómù XY, bíi ti ọkùnrin. Ọmọbìnrin tó ní CAH tí à ń sọ yìí, XX ni.

Kí ló dé tí ewu fi pọ̀ jù fún ọmọkùnrin?

Nítorí pé abẹ́ tirẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn. Ó jọ gbogbo ọmọkùnrin yòókù, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ní fura. Nínú àwọn tó ní oríṣi CAH tó le, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ni iyọ̀ ń jò lára wọn.

Aldosterone kò sí, kíndìnrín kò rí ẹni rán an níṣẹ́, ó ń da iyọ̀ sínú ìtọ̀, omi sì ń tẹ̀ lé iyọ̀ jáde. Potassium tó yẹ kó jáde ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ á dà bí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹrin, jù lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó já lulẹ̀: ó ń bì, ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ dípò kó gòkè, ojú rẹ̀ jìn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀. Potassium tó pọ̀ jù lè dá ọkàn dúró.

Ohun tó ń tan dókítà jẹ ni pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí kòkòrò àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí. Àìsàn mìíràn tó jọ ọ́ ni èyí tí ẹnu ọ̀nà àbájáde àpò oúnjẹ dí pa, òun náà ń mú ọmọ bì ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ilé ìwòsàn wa ń pè ní E and U, tó ń wọn iyọ̀ àti àwọn èròjà bíi rẹ̀, lè là wọ́n. Sodium, ìyẹn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, tó dára wà láàárín 135 sí 145 mmol/L, potassium láàárín 3.5 sí nǹkan bíi 5 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tuntun. Bí ẹnu ọ̀nà àpò oúnjẹ bá dí, potassium máa ń lọ sílẹ̀ ni. Nínú CAH, sodium á lọ sílẹ̀, potassium á ga. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bì, tí sodium rẹ̀ kéré tí potassium rẹ̀ ga, ẹ ka á sí ẹni tó ní CAH títí tí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má dúró de èsì 17-OHP kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, èsì lè pẹ́ ju ẹ̀mí ọmọ lọ.

Báwo ni àwọn òbí tí ara wọn yá gágá ṣe bí i?

Ẹni tó mọ AA, AS àti SS ti mọ ọ̀nà tí CAH ń gbà jogún. Olúkúlùkù ní ẹ̀dà méjì jíìnì (ìtọ́ni àjogúnbá inú ara) tó ń ṣe 21-hydroxylase, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ọ̀kan ṣoṣo bàjẹ́ lára rẹ̀ dà bí AS, kò ní ṣàìsàn, kò sì ní mọ̀. Bí méjì irú rẹ̀ bá fẹ́ ara wọn, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti bí ọmọ tó ní àrùn náà. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo sọ. Kì í ṣe pé bí èkíní bá ti ní in, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Ẹ sì jẹ́ mọ̀ pé àyẹ̀wò genotype tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gbéyàwó kì í wo CAH.

Orúkọ jíìnì náà ni CYP21A2, orí kúrómósómù kẹfà ló wà. Ó ní ìbejì kan tó wà nítòsí rẹ̀, tó jọ ọ́ gan-an ṣùgbọ́n tí kì í ṣiṣẹ́. Nígbà tí ara bá ń ṣe àdàkọ, ọ̀rọ̀ ti ìbejì tí kì í ṣiṣẹ́ máa ń wọ inú ti èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àṣìṣe náà ti ń wá.

Oríṣi tó le yìí ń mú nǹkan bí ọmọ kan nínú 10,000 sí 20,000. Láàárín àwọn Yupik, ọmọ onílẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Alaska, ní Amẹ́ríkà, ó tó ọ̀kan nínú bí 280.

Àwọn tí tiwọn yàtọ̀

Àwọn ọmọ kan wà tí iyọ̀ wọn kì í jò, nítorí òṣìṣẹ́ jáàkì ṣì ń wá síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ọmọkùnrin, ó lè tó ọdún 2 sí 4 kí nǹkan tó hàn: ó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù lábẹ́ rẹ̀, nǹkan rẹ̀ tóbi. Àwọn ará ilé á máa yìn ín. Ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ ń gbó ṣáájú ọjọ́ orí rẹ̀, gíga rẹ̀ á tètè dúró, ó sì máa ń di àgbàlagbà kúkúrú. Ọmọ ọdún 3 tó ní irun abẹ́ nílò dókítà.

Oríṣi tó fúyẹ́ jù wọ́pọ̀ ju àwọn wọ̀nyí lọ. Ìgbà ọ̀dọ́ tàbí àgbà ló ń fara hàn: irun àgbọ̀n lára obìnrin, irorẹ́ tí kì í lọ, nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège, oyún tí kò tètè dúró. Wọ́n sábà máa ń ṣì í pè ní PCOS, àìsàn àpò ẹyin obìnrin tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Kí ìyàtọ̀ tó hàn, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù, láàárín ọjọ́ mélòó kan tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, láti wọn 17-OHP. Bó bá ju 200 ng/dL lọ, ó yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò síwájú sí i.

Òṣìṣẹ́ mìíràn náà lè má wá. 21-hydroxylase ló ń fa nǹkan bí 95 nínú 100. Bó bá jẹ́ 11-beta-hydroxylase ni kò sí, ọmọbìnrin á jọ ọkùnrin bákan náà, ṣùgbọ́n iyọ̀ á máa kó jọ dípò kó jò, ẹ̀jẹ̀ ríru á wà lára ọmọdé. Bó bá jẹ́ 17-alpha-hydroxylase, ẹ̀jẹ̀ ríru á wà, potassium á lọ sílẹ̀, ọmọbìnrin á dàgbà láìní ọmú, kò sì ní rí nǹkan oṣù. Èyí ṣọ̀wọ́n káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ní Brazil òun ló pọ̀ ṣìkejì, nítorí àṣìṣe jíìnì méjì tó bá àwọn ará Portugal àti Spain wọ ibẹ̀.

Àyẹ̀wò ọmọ tuntun

Ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, àti nínú ètò ìjọba Brazil, wọ́n ń gún gìgísẹ̀ ọmọ tuntun, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí bébà, wọ́n á wọn 17-OHP. Nàìjíríà kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ tó kárí gbogbo ọmọ. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ náà kí ọmọ tó pé ọjọ́ kan, iye rẹ̀ lè ga lásán. Ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé náà máa ń ga láìsí àrùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tún un ṣe kí wọ́n tó dájọ́. Ọmọ tí iyọ̀ ń jò lára rẹ̀ sábà máa ń ju 10,000 ng/dL lọ.

Oògùn wo ni, báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó?

Gàrí tí kò sí nílé, a ó rà á wọlé. Bí ìyá olówò bá ti rí gàrí, kò ní ránṣẹ́ mọ́, fùfú á sì dín kù. Gbogbo ìtọ́jú náà nìyẹn.

Hydrocortisone ló ń rọ́pò cortisol. Ọmọ tó ń dàgbà ń gba mílígíráàmù 10 sí 15 lóòjọ́ fún mítà onígun mẹ́rin (m²) kọ̀ọ̀kan fífẹ̀ ara rẹ̀, èyí tí dókítà ń ṣírò láti inú gíga àti ìwúwo rẹ̀, wọ́n á sì pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Fún ọmọ tuntun, ó máa ń bọ́ sí nǹkan bíi mílígíráàmù 1 lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà lè fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oògùn oníhóró tó wọ́pọ̀ jẹ́ mílígíráàmù 10. Ẹ má fi eyín tàbí ọ̀bẹ gé e ní ìméfò. Ẹ jẹ́ kí apòògùn lọ̀ ọ́ kó sì wọ̀n ọ́n sínú bébà kéékèèké. Bó bá kéré jù, androgen á padà; bó bá pọ̀ jù, ọmọ á sanra, kò sì ní ga. Prednisolone àti dexamethasone lágbára jù fún ọmọ tó ṣì ń ga, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n rọ́pò rẹ̀ torí pé wọ́n rọrùn láti rí.

Fludrocortisone ló ń rọ́pò aldosterone, mílígíráàmù 0.05 sí 0.2 lóòjọ́. Kì í rọrùn láti rí ní ilé oògùn wa, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó ku ti ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó máa wá òmíràn. Ọmú ìyá kò ní iyọ̀ tó pọ̀, nítorí náà ọmọ á tún máa gba iyọ̀ gíráàmù 1 sí 2 lóòjọ́, tí wọ́n pò mọ́ omi tí wọ́n sì pín sí oúnjẹ rẹ̀, títí yóò fi máa jẹ oúnjẹ ilé. Apòògùn ni yóò wọ̀n ọ́n. Iyọ̀ tí wọ́n fojú díwọ̀n lè pa ọmọ tuntun.

Kì í ṣe oògùn tí ara bá yá a ó dá dúró. Ojoojúmọ́ ni, títí ayé.

Nígbà tí ibà bá dé

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti ń gba ìtọ́jú ń kú sí. Ara tí kò ṣàìsàn mọ̀ ọ́n ṣe láti sọ cortisol di púpọ̀ nígbà àìsàn. Ara ọmọ yìí kò lè ṣe é, ẹ̀yin lẹ máa bá a ṣe é. Bí ara bá gbóná ju 38 lọ, ẹ sọ hydrocortisone di méjì. Bó bá ju 39 lọ, ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta, títí ara yóò fi rọ̀. Fludrocortisone kì í yí padà. Ẹ máa fún un ní ohun mímu tó ní ṣúgà. Ibà, òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru, egungun tó ṣẹ́, eyín yíyọ, iṣẹ́ abẹ, gbogbo rẹ̀ ló wọ inú èyí. Ìdánwò ilé ìwé àti eré sísá kò sí níbẹ̀. Ààwẹ̀ kò yẹ ọmọ tó ní CAH. Àgbà tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Bó bá bì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó lo oògùn, ẹ tún un fún un. Bó bá tún bì, tàbí tí kò lè jí dáadáa, abẹ́rẹ́ hydrocortisone ló kàn, sí itan: mílígíráàmù 25 fún ọmọ tí kò tó ọdún 3, 50 fún ọmọ ọdún 3 sí 12, 100 fún àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo yìí kì í ṣe èyí tí ń pani bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan, ṣùgbọ́n àìgún un lè pani. Ẹ gún un ná, kí ẹ tó máa wá ọkọ̀. Ní ilé ìwòsàn wọ́n á fa omi iyọ̀ àti ṣúgà sí i lára. Kí ó máa wà nílé, kí ìyá, bàbá, ìyá àgbà àti ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń gún un, kí káàdì tó sọ orúkọ àrùn náà sì wà nínú àpò ìwé ọmọ.

Ilé tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí rí

Bí ẹ bá ti pàdánù ọmọ kan ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta pẹ̀lú èébì, kí èkejì sì ti wà nínú, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú ìbímọ. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tí ọmọ dé, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún 17-OHP, ìbáà jẹ́ akọ ìbáà jẹ́ abo. E and U tó dára lọ́jọ́ yẹn kò túmọ̀ sí pé ó bọ́, nítorí iyọ̀ kì í tíì jò tán nígbà náà. Kí wọ́n tún un ṣe ní ọjọ́ kẹjọ, lọ́jọ́ ìkómọ gan-an bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì máa wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n kan náà títí ọ̀sẹ̀ kẹrin.